Iná Tó Ga, Tí Kò sì Pọ̀

Ẹlẹ́dẹ̀ tún ti wọ oko Adùnọlá. Mosúnmọ́lá rí i kí ó tó pa alùpùpù rẹ̀. Àwọn ebè tó wà létí ọ̀nà Massè ti túká, igi ẹ̀gẹ́ ti dojú bolẹ̀, gbòǹgbò tí kò tíì tóbi ju ìka ọwọ́ lọ sì wà nílẹ̀ káàkiri tòun ti ojú eyín lára wọn.

Adùnọlá wà láàárín oko, ó ń ṣa àwọn igi tó ṣì lè hù jọ. Àbúrò ìyá Mosúnmọ́lá ni. Opó ni, kò sì bímọ. Ilẹ̀ tó ń ro, ti ẹbí ọkọ rẹ̀ ni.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Má wo ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ kò ṣẹ̀ ọ́."

"Ẹlẹ́dẹ̀ ta ni?"

"Bí ẹni pé o kò mọ̀."

Ó mọ̀. Fábọ̀dé ló ni wọ́n, ẹ̀gbọ́n ọkọ Adùnọlá, ẹni tó jẹ́ olórí ẹbí. Ní agboolé náà, wọn kì í so ẹlẹ́dẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ ń wá oúnjẹ fúnra rẹ̀, ẹni tó bá ní nǹkan nínú ilẹ̀ ni yóò ṣọ́ ọ. Àwọn tó lọ́mọ ń fi ọmọ ṣọ́ oko ní ìkọ̀ọ̀kan. Adùnọlá kò ní ẹni tí yóò fi ṣọ́ tirẹ̀, kò sì lè sùn sí oko lójoojúmọ́. Ọdún tó kọjá, ẹlẹ́dẹ̀ ló jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Fábọ̀dé sọ ọ́ níwájú gbogbo ẹbí pé bí ẹ̀gẹ́ tuntun yìí kò bá dé ìgbà ìkórè, òun yóò gba ilẹ̀ náà padà, òun yóò gbin ọ̀pẹ sí i. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó ní ilẹ̀ tí kò mú nǹkan kan wálé, kò yẹ kí ó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

"Ṣé ẹ ti bẹ̀ ẹ́ kí ó kó àwọn ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ sínú ọgbà?"

"Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹlẹ́dẹ̀ òun kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́, wọn kò lè mọ ààlà." Adùnọlá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó ní bí ó bá ń dùn mí, kí n ránṣẹ́ pe ọmọ mi tó jẹ́ olùkọ́, kí ó wá kọ́ wọn."

"Ó dáa. Màá kọ́ wọn."

"Àwàdà ló ń ṣe, Mosún."

"Èmi kò ṣàwàdà, Ìyá."

Mosúnmọ́lá ń kọ́ni ní físíìsì ní kọ́lẹ́jì Ikpinlè. Gbogbo ọdún tó fi kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ní Calavi, gàrí oko yìí ló jẹ. Bàbá rẹ̀ ti sọ nígbà náà pé ìwé tí obìnrin kà dé báyìí ti tó. Adùnọlá kò bá a jiyàn. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í di gàrí sínú àpò, ó ń fi rán awakọ̀ tó ń lọ sí Cotonou, oṣù kan kò sì kọjá kí àpò náà má dé. Nígbà mìíràn, ẹ̀pà yíyan wà ní ìsàlẹ̀ àpò. Bí Mosúnmọ́lá bá pè é láti dúpẹ́, ohun kan náà ni yóò béèrè: "Ṣé o jẹun yó?" Bí ó bá ti gbọ́ pé ó yó, ọ̀rọ̀ ti tán lójú rẹ̀.

Nígbà tí Mosúnmọ́lá ríṣẹ́, ó ra aṣọ fún un. Adùnọlá gba aṣọ, ó gbàdúrà fún un, ó sì di gàrí lé e lọ́wọ́ bí ó ti ń lọ sílé. Obìnrin yìí kò tíì béèrè ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ọpẹ́ tó wà nínú Mosúnmọ́lá kò rí ọ̀nà jáde. Bí ó ti dúró nínú oko yẹn, tó ń wo ojú eyín ẹlẹ́dẹ̀ lára ẹ̀gẹ́, ó mọ̀ pé ọ̀nà ti ṣí.

Ohun tó fẹ́ ṣe kò ṣòro láti sọ. Yóò fi wáyà yí oko ká, yóò sì fi iná mànàmáná sínú wáyà náà. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni irú iná tí yóò jẹ́. Wáyà tó bá gba iná láti òpó ìjọba taara yóò pa ẹlẹ́dẹ̀, yóò sì pa ènìyàn. Bí ẹlẹ́dẹ̀ Fábọ̀dé kan bá kú sí oko Adùnọlá, ẹnikẹ́ni kò ní dúró de ìkórè mọ́ kí wọ́n tó gba ilẹ̀. Iná tó ga ni ó nílò, kí ó lè la awọ àti ẹrẹ̀ kọjá. Kò sì gbọ́dọ̀ pọ̀, kí ó má bàa dé ibi tí yóò ti ṣe ọkàn léṣe. Ó gbọ́dọ̀ ta ẹran, kí ó sì tán lójú ẹsẹ̀.

Ó lọ sí Adja-Ouèrè, sọ́dọ̀ Ṣàkírù tó ń tún alùpùpù ṣe. Ó ní òun ń wá bóbìnì, ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná tí ẹ́ńjìnnì fi ń ṣiṣẹ́.

"Màdámù, alùpùpù yín kò ṣe nǹkan kan. Kí lẹ fẹ́ fi bóbìnì ṣe?"

"Mo fẹ́ fi lé ẹlẹ́dẹ̀."

Ṣàkírù gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Mùsùlùmí ni mí o. Ẹ má fi ẹlẹ́dẹ̀ kọ́ mi lọ́rùn láàárọ̀ yìí."

"Kò ní wọ inú ṣọ́ọ̀bù rẹ."

"Ẹ ní ẹ fẹ́ lé e ni, ẹ ò ní ẹ fẹ́ bọ́ ọ?"

"Lílé ni."

"Nígbà náà, ẹ gba méjì. Ọ̀kan lè jó. Iṣẹ́ láádá ni, n kò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín."

Ó gba méjèèjì, ó sì dúpẹ́. Ṣàkírù tún fún un ní bátìrì kan tí kò lágbára láti gbé ẹ́ńjìnnì mọ́, ṣùgbọ́n tó ṣì lè tan gílóòbù.

Lórí tábìlì ìjẹun rẹ̀ ní Ikpinlè ló ti ṣe é. Ó tú tiransifọ́mà kan jáde láti inú rédíò àtijọ́. Nínú rédíò, iná ilé ló ń wọ ojú kan rẹ̀, iná kékeré sì ń jáde ní ojú kejì. Mosúnmọ́lá yí i padà: ó fi iná bátìrì sí ojú kékeré, kí èyí tó ga lè jáde ní òdìkejì. Ṣùgbọ́n tiransifọ́mà kì í dáhùn sí iná tó dúró sójú kan, bẹ́ẹ̀ ni iná bátìrì sì rí. Nítorí náà ó so tiransísítọ̀ méjì pọ̀ kí wọ́n máa já iná náà, kí wọ́n máa so ó, kíákíá. Tiransifọ́mà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ẹ̀fọn.

Iná tó jáde wọ inú ohun kan tó rí bí agolo kékeré, tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń pè ní kọ̀ǹdáńsátọ̀. Ó ń gba iná pamọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ti kún, yóò da gbogbo rẹ̀ sínú bóbìnì lẹ́ẹ̀kan náà. Bóbìnì náà, tiransifọ́mà ni òun pẹ̀lú. Òun ló gbé iná náà ga dé ibi tí ó ti lè fo àlàfo tó wà láàárín ìṣó méjì tí ó fi ń dán an wò. Lẹ́yìn èyí, kò sí nǹkan kan mọ́ títí agolo yóò tún fi kún. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá di wáyà mú yóò rí àyè tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Agolo ló pinnu ohun gbogbo. Bí ó bá tóbi, iná yóò pọ̀. Mosúnmọ́lá mú kékeré, ó ṣírò rẹ̀ sórí ìwé, ó tún un ṣírò, ó tún mú èyí tó kéré sí i.

Bóbìnì àkọ́kọ́ jó lóòótọ́. Inú àpótí irin ló ti kọ́kọ́ gbé gbogbo rẹ̀ sí, iná sì fo láti ara bóbìnì sí ara irin. Ó kó o kúrò, ó gbé e sínú ike ọ̀dà òfìfo. Lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀yìn ìka rẹ̀ kan wáyà tó jáde. Iná náà gba apá rẹ̀ dé ìgunpá. Ó jókòó, ó mí, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó dun òun, kò sì ṣe òun léṣe. Ohun tó ń fẹ́ nìyẹn.

Òpó ló kù. Ní Massè, igi gbígbẹ kì í pẹ́ nílẹ̀. Ikán á jẹ ẹ́ kí ọdún tó yí po. Pèrègún ni wọ́n fi ń ṣe ọgbà, nítorí ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀. Adùnọlá lọ bá Fábọ̀dé, olórí ẹbí, kí ó fún òun ní pèrègún.

"Ṣé ọgbà ìyàwó wa yìí ni yóò dá ẹlẹ́dẹ̀ mi dúró?" Fábọ̀dé bi í.

"Ọmọ mi ló ní bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Ó dáa. Kí ẹnikẹ́ni má sọ lọ́la pé mo dí yín lọ́wọ́."

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé wọn lẹ́yìn ilé rẹ̀. Àwọn igi náà wà nínú oòrùn àti ọyẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó rì wọ́n mọ́lẹ̀. Èèpo wọn ti hunjọ. Mosúnmọ́lá fi ẹ̀rọ ìwọniná wọn mélòó kan nínú wọn, iná kò gba inú wọn kọjá. Nítorí náà ó kan wáyà mọ́ wọn lára láìfi ohunkóhun sáàárín. Ìlà wáyà kan wà níbi imú ẹlẹ́dẹ̀, èkejì wà lókè rẹ̀. Ó ri ọ̀pá irin kan mọ́lẹ̀ níbi tí Adùnọlá ti ń fọ ẹ̀gẹ́, níbi tí ilẹ̀ ti ń tutù, kí iná tó bá gba ara ẹran lọ lè rí ọ̀nà padà sínú ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ tan án, Fábọ̀dé wá pẹ̀lú àwọn kan nínú ẹbí. Ó yí ọgbà ká lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn.

"Wọ́n ní iná yìí ga ju ti ilé lọ."

"Ó ga jù ú lọ púpọ̀, Bàbá," Mosúnmọ́lá dáhùn.

"O sì sọ pé kò ní pa ẹlẹ́dẹ̀ mi."

"Kò ní pa á. Bí ẹ bá jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ, tí ẹ̀kán omi kan já láti orí rẹ̀ bà yín nímú, ẹ ó ta gìrì. Àmọ́ kò lè gbé yín lọ. Odò tó ń gbé ènìyàn lọ, ilẹ̀ ló ń gbà. Iná ilé ni odò yẹn. Ẹ̀kán omi ni tèmi."

"Àlàyé yìí dùn. Ẹlẹ́dẹ̀ mi kò ní gbọ́ ọ." Ó yíjú sí Adùnọlá. "Ìyàwó, gbọ́ mi dáadáa. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá kú, ọjọ́ yẹn náà ni ilẹ̀ yìí padà sọ́wọ́ mi."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Mosúnmọ́lá tan ẹ̀rọ. Wọ́n gbọ́ ọ nínú ike ọ̀dà: tá, ìdákẹ́jẹ́, tá, ìdákẹ́jẹ́. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó na ọwọ́, ó sì di wáyà mú. Ejìká rẹ̀ gbọ̀n. Ó dúró de èkejì, ejìká tún gbọ̀n, ó tú ọwọ́ sílẹ̀.

"Bí ó ṣe jẹ́ nìyẹn, Bàbá. Èmi kò wúwo tó ẹlẹ́dẹ̀ yín."

Gbogbo ojú wà lára Fábọ̀dé. Ó sún mọ́ wáyà, ó fi ìka kan kàn án bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ìka rẹ̀ bọ́ sí àárín ìdákẹ́jẹ́ ẹ̀rọ.

"Kò sí nǹkan kan ní—" Tá. "Yéè! Ta ló nà mí?"

Fìlà rẹ̀ ti já sílẹ̀. Àwọn ẹbí kọ́kọ́ pa ẹ̀rín mọ́nú, lẹ́yìn náà wọn kò lè pa á mọ́ mọ́. Fábọ̀dé mú fìlà rẹ̀, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ó ń wo ìka rẹ̀ bóyá ó ṣì pé.

"Ọmọ yìí, ìwà ìkà tí o lọ kọ́ ní Calavi nìyí?"

"Gàrí ìyàwó yín ni mo jẹ tí mo fi kọ́ ọ, Bàbá."

"Nígbà náà, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ nà mí."

Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ kò nílò àlàyé. Èyí àkọ́kọ́ fi imú tútù kan wáyà, ó ké, ó padà sẹ́yìn, ó jókòó sílẹ̀ ó ń wo ọgbà. Òmíràn tẹ̀ lé e. Títí ọyẹ́ fi kásẹ̀ nílẹ̀, kò sí èyí tó kọjá. Ẹ̀gẹ́ tó kù nà sókè. Adùnọlá ń sùn sílé. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà, ó ń pe Mosúnmọ́lá láti sọ pé ẹ̀rọ ṣì ń dún bí ẹni tó ń ka iye, ó sì ń gbàdúrà fún ọwọ́ tó ṣe é.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn rọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Adùnọlá pè kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.

"Mosún, wọ́n ti wọlé."

"Ṣé ẹ̀rọ ti kú ni?"

"Ó ń dún. Ó ń dún, wọ́n sì ń kọjá lára rẹ̀. Mo rí ọ̀kan tó ń fi wáyà nu ara."

Mosúnmọ́lá lọ sí Massè lẹ́yìn iṣẹ́. Ebè tó wà nítòsí odò ní ìsàlẹ̀ oko ti túká, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ṣì dúró. Ó fi ọwọ́ kan wáyà. Ohun tó kàn án kò ju kí kòkòrò rìn lára ènìyàn lọ. Ó gbé ẹ̀rọ sórí alùpùpù, ó padà sí Ikpinlè, Adùnọlá sì tẹ́ ẹní sínú oko láti sun ibẹ̀.

Lórí tábìlì, ẹ̀rọ náà kò ní àléébù. Iná fo láàárín ìṣó méjì bí ti tẹ́lẹ̀. Ó yẹ bátìrì wò, ó yẹ bóbìnì wò. Ó rò pé bóyá òjò ló mú kí ara ẹlẹ́dẹ̀ le, ó sì bá ara rẹ̀ wí fún èrò náà, nítorí ara tútù ló yẹ kí iná mú jù.

Ní ọjọ́ kejì, ó ya ọ̀dọ̀ Ṣàkírù bí ó ti ń lọ. Ó ròyìn fún un.

"Màdámù, ìyẹn kò le. Ẹ fi agolo ńlá sí i. Mo ní ọ̀kan tó tó ìkúùkù níbí."

"Agolo ńlá lè pa ẹlẹ́dẹ̀."

"Ẹlẹ́dẹ̀ náà ni!"

"Ó lè pa ènìyàn, Ṣàkírù."

Síbẹ̀ Ṣàkírù yọ agolo náà fún un, Mosúnmọ́lá sì gbà á sínú àpò rẹ̀. Gbogbo ọ̀nà Massè ni ó fi mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí ó bá fi í sí i, ọgbà yóò ṣiṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Adùnọlá yóò sùn sílé. Kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀, títí di ọjọ́ tí nǹkan bá kú. Ó ronú nípa obìnrin tó ń gbé wáyà sókè lójoojúmọ́ kí ó tó wọ oko, tí kò ní ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò bí ọwọ́ náà bá lẹ̀ mọ́ ọn. Òun kò wá san oore fún un lọ́nà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé, ó fi agolo sílẹ̀ nínú àpò, ó so àpò náà mọ́ alùpùpù.

Ó gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ nínú oko, kò sì tíì so ó mọ́ ọgbà. Iná fo, ó funfun, ó sì dún. Ó so ó mọ́ ọgbà, iná náà kú. Ẹ̀rọ kọ́, nígbà náà. Ọgbà ló ń mu iná.

"Ìyá, ẹ bá mi wá ibi tí koríko ti kan wáyà."

"Kò sí koríko. Àná ni mo ro etí ọgbà." Adùnọlá nàka sí òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn sí ohun tó ń wò. "Wo bí gbogbo wọn ṣe yè. Bí ẹni pé wọn kò gbẹ rí."

Mosúnmọ́lá wò ó. Ewé tuntun méjì ti yọ lórí pèrègún náà, wọ́n tutù, wọ́n gùn tó ọwọ́. Ó wo èyí tó tẹ̀ lé e, ó wo gbogbo ìlà náà títí dé odò. Gbogbo òpó ló ti rúwé. Ó ti kọjá lára wọn lánàá, ó tún kọjá lára wọn lónìí, kò sì rí wọn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ara òpó. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá dún, òpó náà ń ta á díẹ̀.

Igi tí òun wọ̀n nínú ọyẹ́, igi gbígbẹ ni. Igi tó dúró níbí ti ta gbòǹgbò, omi ti kún inú rẹ̀. Nínú òpó kọ̀ọ̀kan, iná ń rọra sọ̀kalẹ̀ sínú ilẹ̀ kí ó tó kan ẹlẹ́dẹ̀ kankan.

"Ẹ ṣé, Ìyá," ó sọ.

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ fi ewé hàn mí. A ó hú àwọn òpó yìí, a ó wá igi mìíràn."

Adùnọlá di apá rẹ̀ mú. "Rárá o. Ohun tó bá ti ta gbòǹgbò létí ilẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í hú u nílé yìí. Wá nǹkan mìíràn ṣe."

Mosúnmọ́lá kò bi í ní ìdí. Ohun tí wọ́n nílò ni ohun kan tí iná kò lè gbà kọjá, tí yóò wà láàárín wáyà àti igi. Ṣàkírù ti sọ pé òun ní táyà gbígbó, ṣùgbọ́n èédú wà nínú dúdú táyà, iná sì ń gba ara èédú. Adùnọlá lọ sí abẹ́ àtíbàbà, ó kó àwọn bídọ́ọ̀nù jáde, kẹ́ẹ̀gì ike tí wọ́n fi ń gbé epo pupa, tó ti là. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n ń fi ọ̀bẹ ẹ̀gẹ́ gé ike náà ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Wọ́n tú wáyà kúrò lára igi, wọ́n kan ike mọ́ òpó, wọ́n sì fi okùn ọ̀rá so wáyà mọ́ ike. Iṣẹ́ náà gba gbogbo ọ̀sán. Lẹ́ẹ̀kan, Adùnọlá wo ọwọ́ Mosúnmọ́lá tí epo ti sọ di pupa, ó ní, "Olùkọ́ kọ́lẹ́jì!" ó sì rẹ́rìn-ín.

Kí oòrùn tó wọ̀, ẹlẹ́dẹ̀ kan tí wọ́n mọ̀ dáadáa tọ ọgbà wá, ó wá fi wáyà nu ara. Ó ké débi pé wọ́n gbọ́ ọ ní agboolé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Mosúnmọ́lá ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí Fábọ̀dé dé. Wọ́n ti sọ fún un pé ọgbà ti já wọn kulẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ó wá wo ohun tó ṣẹ́kù, Adùnọlá sì mọ ohun tó lè tẹ̀ lé wíwò náà. Ó kúnlẹ̀ kí i. Fábọ̀dé dáhùn, ó sì ń wo àwọn ebè tó túká.

"Ìyàwó, mo ti sọ fún ọ níwájú ẹbí—"

Ó dánu dúró. Ó ti rí ewé. Ó rìn lọ sí òpó àkọ́kọ́, ó rìn lọ sí èkejì, ó sì tẹ̀ lé ọgbà náà yí gbogbo oko ká. Nígbà tó padà dé, ó dúró jìnnà sí wáyà.

"Gbogbo wọn ló yè," ó sọ.

"Gbogbo wọn, Bàbá," Adùnọlá dáhùn. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ta ló gé wọn?"

"Ẹ̀yin ni."

Mosúnmọ́lá wo ojú àbúrò ìyá rẹ̀, tó dàbí ẹni tó dàgbà ju gbogbo wọn lọ ní àárọ̀ yẹn, kò sì rí ìyàlẹ́nu kankan níbẹ̀. Ìgbà náà ló yé e ìdí tí wọn kò fi hú òpó. Ní ilé Fábọ̀dé, bí olórí ẹbí bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé pèrègún fún ẹnì kan, tí pèrègún náà sì yè yí ilẹ̀ ká, ààlà ti dúró nìyẹn. Ilẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni náà títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Fábọ̀dé gé igi fún ọgbà lásán. Òjò ló sọ ọ́ di ohun mìíràn. Kò sí ẹlòmíràn tó lè sọ ọ́ jáde ju òun lọ, òun náà ló sì lè dákẹ́, kí ó hú wọn, kí ó sọ pé wọn kò yè rí.

Fábọ̀dé bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì tún dé e.

"Olùkọ́, iná rẹ ti ta mí lẹ́ẹ̀kejì," ó sọ. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Adùnọlá. "Dìde. Bí ẹ̀gẹ́ yìí bá dé ìkórè, bí kò bá dé, ilẹ̀ yìí ti di tìrẹ. Èmi fúnra mi ni n ó sọ ọ́ fún wọn nílé."

Adùnọlá kò dìde. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Mosúnmọ́lá sì kúnlẹ̀ tì í, ó ń dúpẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Fábọ̀dé ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, kì í ṣe òun ló rọ òjò. Bí ó ti ń lọ, ó bojú wẹ̀yìn. "Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ mi ńkọ́? Ṣé gbogbo wọn wà láàyè?"

"Gbogbo wọn, Bàbá."

"Mo gbọ́ igbe ọ̀kan lánàá."

"Ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ni."

Mosúnmọ́lá dá agolo ńlá padà fún Ṣàkírù. Ṣàkírù wò ó, ó rí i pé ẹnikẹ́ni kò lò ó, ó sì tọ́jú rẹ̀ láìbéèrè nǹkan kan.

Ẹ̀gẹ́ dé ìkórè. Adùnọlá kó àkọ́wà rẹ̀ lọ fún Fábọ̀dé, ó rán díẹ̀ sí Ṣàkírù pẹ̀lú iṣẹ́ pé ẹlẹ́dẹ̀ kò fẹnu kan èyí. Ó bó ìyókù, ó rin ín, ó fún omi rẹ̀, ó yan án. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, awakọ̀ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà Mosúnmọ́lá ní Ikpinlè, ó sọ àpò kan kalẹ̀. Ẹ̀pà yíyan wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gun alùpùpù lọ sí Massè láti dúpẹ́ oore àná. Ó bá Adùnọlá lẹ́nu iṣẹ́ létí ọgbà, níbi tí pèrègún ti ga jù ú lọ. Ó ti to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ láti Ikpinlè: nípa àwọn ọdún Calavi, nípa bàbá rẹ̀, nípa gbogbo àpò tó ti dé. Ó kúnlẹ̀, ó sì ya ẹnu.

"Ṣé o jẹun yó?" Adùnọlá bi í.

Ẹ̀rọ dún nínú ike rẹ̀, ó dákẹ́, ó tún dún.

"Mo yó, Ìyá," Mosúnmọ́lá dáhùn.